Iyán Ìdájí Ìyá Àwẹ̀ró

Gbì, gbì, gbì! Kí àkùkọ tó kọ ní Ìjèmọ̀ láyé ọjọ́un, odó á ti máa dún lágbàlá Ìyá Àwẹ̀ró. Ẹni tó bá jí gbọ́ ọ á ní, "Iyán Dúrótoyè nìyẹn." Ilé yòókù kò tí ì dáná ẹ̀kọ.

Ìkòkò-kún-omi-ò-kọ̀, Ọwọ́-tó-ń-pọn-ló-yẹ-kó-mọ̀-pé-ó-tó: àwọn awo méjèèjì yìí ló yẹ Ifá wò fún Àkàngbé ahunṣọ, lọ́jọ́ tí sísanra àsanjù fẹ́ gba ọmọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ Àkàngbé àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló gbẹ bí igi kí wọ́n tó lọ. Nígbà tí Dúrótoyè dé, ìyá Àwẹ̀ró búra pé egungun ti eléyìí ò ní í hàn síta láéláé. Iyán ní ìdájí, àádùn àti oyin lọ́sàn-án. Ọmọ ń sanra, ará ilé ń yọ̀, wọ́n ní ọlá ni. Nígbà tó yá, orúnkún ń ro ó. Bó bá sáré díẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á pariwo, "Ẹ yà o, àgbá ń yí bọ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ọdún òkè ń bọ̀. Ní Ìjèmọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ọmọ fi í gun òkè. Èyí tí wọ́n bá gbé gòkè, ẹgbẹ́ kankan kì í gbà á nílùú.

Ìkòkò-kún, tó jẹ́ àgbà awo, ní, "Ẹyẹlé méjì lẹbọ. Kí gbogbo ilé jọ máa jẹ oúnjẹ ìwọ̀nba, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Kí oyin di ti ọjọ́ ọdún nìkan. Kí ìwọ àti ọmọ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sódò láràárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi sísanra bú ọmọ. Kí o sì ránṣẹ́ sí àna rẹ pé ó tó."

Àkàngbé rú ẹyẹlé, ó fi ìránṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún àna pé kó ká ọwọ́ oore kò? Dípò ìyẹn, ó febi pa ọmọ. Ẹ̀kọ kan láàárọ̀, ẹ̀kọ kan lálẹ́, òun alára sì ń jẹ ẹran ìgbẹ́ lójú ọmọ. Dúrótoyè bá ń gba ẹ̀yìnkùlé yọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó tún sanra sí i.

Àkàngbé padà lọ ráhùn. Ìkòkò-kún rẹ́rìn-ín.

"Àkàngbé, ẹyẹlé gbọ́ ẹbọ, àna rẹ ò gbọ́. Ta ló ní kí o febi pa ọmọ? Gbogbo ilé ni Ifá ní kó rúbọ, kì í ṣe ikùn ọmọ nìkan."

"Baba, àna mi ni o!"

"Ṣé àna rẹ ń gé ènìyàn jẹ ni?"

Síbẹ̀, ẹnu Àkàngbé wúwo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń hunṣọ lọ́wọ́, Dúrótoyè jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ má dààmú. Bí wọ́n bá ń gòkè, èmi á dúró nísàlẹ̀, màá máa bá wọn ṣọ́ aṣọ."

Ọwọ́ Àkàngbé dúró lórí òfì. Ó pe Àwẹ̀ró, ó di obì sínú ewé fún un, ó rán an sí ìyá rẹ̀.

Ìyá àgbà sunkún díẹ̀, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń jẹ oúnjẹ ìwọ̀nba, tí wọ́n sì jọ ń rìn lọ sódò láràárọ̀. Dúrótoyè ò di ọmọ tín-ín-rín. Ọmọ tó ń sáré ló dà. Lọ́dún òkè, ó sinmi lọ́nà lẹ́ẹ̀mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dórí òkè.

Àkàngbé ń jó, ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Ẹbọ tó bá ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò tí ì pé. Ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ràn tó sì rú u pé, ire ọmọ á bá a jókòó. Ọ̀rọ̀ tí Àkàngbé rán Àwẹ̀ró lọ sọ fún ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìyí:

"Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí ọmọ yìí kú. Oúnjẹ rẹ̀ ti tó báyìí. Ẹ wá fà á lọ́wọ́, kí ẹ jọ máa rìn."