Ìjàpá àti Omi Ewúro

Ààlọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ yín o. Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ẹ̀hẹ́n. Ó wà lẹ́yìnkùlé, kò sí ọmọdé tó fẹ́ fi ẹnu kàn án, àmọ́ bí ara bá gbóná, òun là ń sáré tọ̀. Kí ni?

"Ewúro!"

Ẹ káre. Àlọ́ mi dá lórí ewúro, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan, ibà wọ ìlú àwọn ẹranko. Ìyá Òkété nìkan ló ní igi ewúro. Bí wọ́n bá wá gba oògùn, á já ewé, á gún un, á fún omi rẹ̀ sínú igbá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá á gbé iṣu kan wá dúpẹ́. Iṣu yìí ló wọ Ìjàpá lójú. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá wa, àwọn aláìsàn ń ráhùn pé ó korò jù. Ẹ fún mi léwé, màá jẹ́ kó dùn."

Ìyá Òkété rẹ́rìn-ín. "Máa já a. Àmọ́ omi tó o bá fi fọ̀ ọ́, èmi ni kó o máa gbé e fún."

"Omi ìdọ̀tí? Ẹ máa gbé e lọ, ẹ bá mi dín iṣẹ́ kù!"

Ìjàpá da iyọ̀ sí ewé. Ó fọ̀ ọ́, ó fún un, ó tún un fọ̀, bí ẹni fẹ́ se ọbẹ̀, títí omi rẹ̀ kò fi hó mọ́. Ó gbé omi ìfọ̀ náà fún Ìyá Òkété, ó sì gún ewé tó kù fún àwọn aláìsàn. Gbogbo ìlú ń pariwo pé, "Ti Ìjàpá ò korò!" Kí wọ́n tó mu ún ló ti ń gba iṣu lọ́wọ́ wọn, iṣu sì kún àjà rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ara ẹnì kankan yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Yánníbo kò lè dìde. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ìjàpá fún un ní omi dídùn rẹ̀, ibà ò lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Yánníbo ò dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ Ìjàpá, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó sì sáré lọ bá Ìyá Òkété, irú eré tí Ìjàpá lè sá.

Ó bá àwọn oníbàárà tirẹ̀ gan-an nínú àgbàlá ìyá náà, tí wọ́n ń mu nǹkan nínú igbá.

"Ìyá wa, ẹ gbà mí! Yánníbo ń kú lọ!"

Ìyá Òkété fi ìkòkò ńlá kan hàn án. "Omi ìfọ̀ rẹ nìyí. Gbogbo oògùn inú ewé, ibí lo dà á sí. Ẹ̀fọ́ lásán lò ń fún wọn mu."

Ìjàpá na ọwọ́ sí igbá.

"Dúró ná. Ẹni tó máa gbé oògùn fún aláìsàn ní láti kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ níṣojú wa."

"Ṣé kí n kàn tọ́ ọ wò ni, Ìyá wa?"

"Mu igbá kan."

Ìjàpá rántí Yánníbo. Ó dijú, ó gbé e mu. Iwájú orí rẹ̀ sún kì, ojú rẹ̀ hunjọ, ọrùn rẹ̀ ká.

"Ó korò o!"

"Ẹ bá a jẹ́ kó dùn!" ni àwọn oníbàárà rẹ̀ dáhùn.

Ìjàpá gbé igbá oògùn lọ sílé. Yánníbo mu tirẹ̀, ó làágùn, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó béèrè oúnjẹ. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí.

"Bàálé mi, ta ló rún yín lójú báyìí?"

"Oògùn rẹ ni."

Ojú náà kò nà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ojú àti ọrùn Ìjàpá fi hunjọ títí dòní. Òun náà ló fà á tí a fi ń fọ ewúro ọbẹ̀, tí a kì í fọ ewúro ibà.

Àlọ́ mi ti délé o. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ẹnu mi korò di ọ̀la.