Wáìnì Tí Ládẹjọ Tọ́jú

Àwẹ̀ró ti di opó kí Látúnjí ọmọ rẹ̀ tó mọ bí a ti ń de okùn ṣòkòtò. Ẹ̀fọ́ àti ilá ló ń gbìn sí etí odò ní ìlú Igbó-Ọ̀pẹ, òun náà ló sì fi tọ́ ọmọ yìí títí ó fi kọ́ iṣẹ́ káfíńtà yanjú. Obìnrin tí kì í ná ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí agbára rẹ̀ bá mọ ní ẹja ṣáwá, kò jẹ́ lọ dúró sí ìsọ̀ ẹlẹ́ran kó máa pọ́n ètè lá.

Ládẹjọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kú, ni àgbà ilé tí wọ́n ń gbé. Ládẹjọ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó lawọ́, ó sì fẹ́ràn ẹbí, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ ọtí, kò sí ẹni tó lè bá a sọ ọ́. Ẹmu ni bàbá wọn ń dá nígbà ayé rẹ̀, ìdí agbè ni Ládẹjọ sì dàgbà sí. Òórùn ẹmu lásán ni yóò gbọ́, yóò ti sọ fún ọ bóyá àárọ̀ ni wọ́n gbé e sọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ àná, àti bóyá ẹlẹ́mu ti bu omi là á.

Nígbà tí Látúnjí tó ìyàwó í fẹ́, Ìbídùn ló rí, Ìbídùn náà sì rí i. Kò sí ìjà nínú ìyẹn. Ibi tí ìjà wà ni pé Kùmásí ni bàbá Ìbídùn ti ń ta aṣọ, ọdún ló sì gbé e wá sílé pẹ̀lú gbogbo ará ilé rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí ọdún bá ti parí, òun ń padà lọ, òun kò sì ní fi ọmọbìnrin tó ti bàlágà sílẹ̀ láìlọ́kọ. Bí wọ́n bá ṣe ìdána rẹ̀ kí òun tó lọ, kó dúró ti ọkọ rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, kó di ẹrù rẹ̀, kó wọ ọkọ̀. Kùmásí kì í sì í ṣe ọ̀nà oko. Ẹni tó bá lọ, ó lè pẹ́ títí kó tó tún rí ilé. Wọ́n wá fi ìdána sí ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò náà gan-an.

Ní Igbó-Ọ̀pẹ, ọtí ìdána ní ìlànà tirẹ̀. Kì í ṣe pé kí àna ṣáà ti gbé ọtí wá. Obìnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí ìyàwó ni wọn yóò kọ́kọ́ bu ife kan fún lójú gbogbo ènìyàn, ọtí náà sì gbọ́dọ̀ hó, kí ìfófó rẹ̀ dúró lẹ́nu ife. Bó bá hó, ọtí tuntun ni, ire ni wọ́n rò sí wa. Ìyá àgbà yóò mu ún, yóò ṣe àdúrà, ọmọ ti di ìyàwó nìyẹn. Bí kò bá hó, ọtí àná ni, àjẹkù ni wọ́n gbé wá fún wa. Ìyá àgbà yóò da ife dojú dé, àwọn àna yóò sì ru ẹrù wọn padà sílé títí di ọdún mìíràn.

Ẹmu ni wọ́n ń lò sí i láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó gba ilẹ̀ tí wọ́n ti gé ọ̀pẹ tán, ẹmu tó kù ń ti ọ̀nà jíjìn wá, yóò sì ti kan kó tó wọ̀lú. Ni àwọn àgbà bá fẹnu kò pé wáìnì inú ìgò, irú èyí tó máa ń hó bí ẹmu, lè dúró fún un. Ìyá ọkọ ló sì ń rà á.

Àwẹ̀ró wá mú owó ilá, ó di ọ̀dọ̀ Jéékọ́bù onísọ́ọ̀bù létí títì. Ìgò olówó gọbọi kan tí wọ́n fi bébà wúrà wé lọ́rùn ni Jéékọ́bù kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ó ní òun ni àwọn lọ́yà ń mu ní Ìbàdàn. Àwẹ̀ró béèrè iye rẹ̀, ó sì rọra gbé e padà bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní kí Jéékọ́bù kó àwọn tí kò wọ́n wá.

Kò kọ́kọ́ wo bébà wọn. Èyí tó wà lójú fèrèsé, oòrùn ti ṣá ìwé ara rẹ̀ títí ó fi funfun. Ó ní ohun tó ṣe ìwé báyìí, kí ni kò ní ṣe inú? Òmíràn, ọtí inú rẹ̀ ti fà sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ìyẹn ti jò. Ó wá ku irú ìgò kan tó jẹ́ pé inú páálí ní abẹ́ káńtà ni wọ́n ti yọ ọ́, wáyà ẹnu rẹ̀ le dáadáa, bébà rẹ̀ kò ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Ọ̀kan péré ló rà nínú rẹ̀. Ó gbé e délé, ó pe Ìyá Bọ́láńtà aládùúgbò rẹ̀, wọ́n ṣí i ní ẹ̀yìnkùlé. Ó dún pòó. Wọ́n bu ú sínú ife, ìfófó rẹ̀ dúró. Ìyá Bọ́láńtà mu tirẹ̀ tán, ó yí ìdí ife wò, ó ní ó dà bí ẹni pé ife yìí ń jò o, ẹ tún bu òmíràn kí àwọn wò ó.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Àwẹ̀ró padà lọ ra ìyókù. Jéékọ́bù kìlọ̀ fún un pé kí ènìyàn má mì ín, kó gbé e síbi tó tutù, kó má sì fọwọ́ kan wáyà ẹnu rẹ̀ àfi bó bá ti fẹ́ mu ún.

Àṣà ilé wọn ni pé ilé àgbà ni ẹrù ìdána ń sùn, nítorí náà ni ó ṣe ru àwọn ìgò náà tọ Ládẹjọ lọ. Ládẹjọ gbé ọ̀kan, ó fi èékánná họ bébà rẹ̀.

"Ìyá Látúnjí, èyí ni kí n gbé lọ síwájú ará Kùmásí? Kí wọ́n lè ní bàbá ọmọ kú, ẹbí rẹ̀ náà kú tẹ̀ lé e?"

Àwẹ̀ró ní òun ti tọ́ ọ wò, ó dára, ó sì ń hó. Ládẹjọ ní ìyẹn kò kan òun. Òun fúnra rẹ̀ lọ sọ́ọ̀bù, ó fi owó kòkó ra àwọn ìgò oníbébà wúrà, ó sì ní kí wọ́n fi ti Àwẹ̀ró fún àwọn ìyàwó ilé tí yóò ru ẹrù, kí wọ́n fi panu. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kò bínú, nítorí ọtí kì í ṣòfò lẹ́nu ẹni tó ru ẹrù. Ó kàn jíṣẹ́ Jéékọ́bù fún un, pé kí wọ́n má tú ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀rín ni Ládẹjọ fi í rín. Ó ní kí Jéékọ́bù tó mọ ìgò, òun ti ń mu agbè gbẹ.

Ẹni tó bá mọ ẹmu mọ̀ pé a kì í dé e pinpin sun. Ẹmu ń mí. Bí o bá dé ẹnu agbè rẹ̀ mọ́ ọn, yóò bẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ewé ni adẹ́mu máa ń ká sí i lẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ lè máa rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí Ládẹjọ wá wo àwọn ìgò rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó rí bí wọ́n ti fi wáyà de ẹnu wọn bí ẹni de olè, àyà rẹ̀ já. Ó jókòó tì wọ́n, ó tú wáyà ti àkọ́kọ́. Ìdérí rẹ̀ ta, ó ba àkùkọ tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, àkùkọ fò sókè, ìfófó sì bo Ládẹjọ lọ́wọ́ dé ìgúnpá.

"Ṣé o rí i?" ló wí fún ìyàwó rẹ̀ tó sáré jáde. "Bí kì í bá ṣe pé mo tètè tú u, gbogbo rẹ̀ ni ìbá bẹ́ mọ́jú."

Ó tú gbogbo wọn lẹ́nu. Ó ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wọn lọ́rùn wẹ́rẹ́, ó sì fi bébà wúrà wé e padà kó lè fani mọ́ra. Ìyàwó rẹ̀ béèrè pé ti Ìyá Látúnjí ńkọ́. Ó ní ìyẹn kò tó ohun tí à ń dára ẹni láàmú lé lórí. Bó bá fẹ́ bẹ́, kó bẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kọrí sí ilé àna. Iṣu, orógbó, obì, oyin, aṣọ, kò sí ohun tó kù. Àwọn ìyàwó ilé sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sinmi. Àwọn àgbà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà Ọ̀ṣunbùnmi, tó bí bàbá Ìbídùn, wà lórí àga rẹ̀, ó di ife mú. Ládẹjọ fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò oníbébà wúrà dìde. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibi tí wọ́n ti pọn ọtí náà àti irú àwọn tó ń mu ún, ó sì bu ú.

Ọtí náà wọ inú ife kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí omi òjò inú amù. Ìyá Àgbà wò ó. Ó dúró kó hó. Kò hó. Ó ní kí wọ́n ṣí òmíràn; wọ́n ṣí i, bákan náà ló rí. Ó da ife náà dojú dé sórí àtẹ.

Bàbá Ìbídùn dìde. Ó ní kí àwọn ọmọ òun parí ẹrù dídì. Ìbídùn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun lára. Látúnjí kò gbójú sókè. Àwọn àgbà ilé ọkọ ti ń wá bàtà wọn kiri, nígbà tí nǹkan kan dún ní ẹ̀yìnkùlé. Pòó! Ẹ̀rín àwọn obìnrin tẹ̀ lé e. Ó tún dún. Pòó!

Ìyá Àgbà na ọwọ́ kí gbogbo ènìyàn dúró. "Kí ni wọ́n ń mu ní ẹ̀yìnkùlé mi?"

Wọ́n lọ gbé e wá. Ìgò oníbébà fẹ́lẹ́ tí Àwẹ̀ró rà ni, tí òógùn ti bo ara rẹ̀. Wọ́n bu ú sínú ife mìíràn níwájú rẹ̀, ìfófó gun ife, ó jókòó lé e lẹ́nu, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Inú Àwẹ̀ró kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tó rí ojú ìyá arúgbó náà ló mọ̀ pé ọ̀ràn ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Àna wa," ni Ìyá Àgbà wí, "àwọn tó ru ẹrù lẹ bu ọtí fún, ẹ wá gbé omi síwájú àwa tó bímọ."

Àwẹ̀ró mọ ẹni tó ni ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í tú àṣírí àgbà ilé ọkọ rẹ̀ lójú àna. Ó wo Ládẹjọ, ó sì wo ilẹ̀. Bí Ládẹjọ bá gbẹ́nu dákẹ́, iyì rẹ̀ á kù sí i lára, a ó kàn pè é ní ahun, Ìbídùn á sì wọkọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo Igbó-Ọ̀pẹ ni yóò fi ṣẹ̀sín pé ọmọ adẹ́mu kò mọ ọtí.

Ládẹjọ bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, kì í ṣe ìwọ̀sí. Èmi ni mo tú wọn lẹ́nu lánàá. Mo ní kí wọ́n máa mí, kí wọ́n má bàa bẹ́ bí ẹmu."

Bàbá Ìbídùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú lórí àga. "O tú wọn lẹ́nu. Èyí tó hó yìí ńkọ́, kí ló dé tí o kò tú òun?"

"Kò wọ́n, Ìyá. Mo ní bó bá fẹ́ bẹ́, kó bẹ́."

Ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń yọjú, ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wọ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyá arúgbó náà gbìyànjú láti le ojú, kò ṣeé ṣe.

"Ìyẹn ni pé èyí tí o fẹ́ràn lo pa, èyí tí o kò kà sí ló yè," ló wí. "Àna wa, jọ̀wọ́, má fẹ́ràn Ìbídùn wa jù."

Ó wá béèrè ẹni tó ra èyí tó hó. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní òun ni. Ó béèrè ohun tó wò rà á. Àwẹ̀ró ní òun ra ọ̀kan mu ná, kí òun tó ra ìyókù. Ìyá Àgbà mi orí, ó ní ilé tí ìyá ọkọ ti ń tọ́ nǹkan wò kó tó náwó, ebi kò ní pa ọmọ òun níbẹ̀. Ó gbé ife sókè, ó mu ún gbẹ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìfófó lẹ́nu, ó sì ṣe àdúrà tó gùn. Nígbà tí ọkọ̀ Kùmásí gbéra, Ìbídùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń juwọ́ sí wọn, ìyá ọkọ rẹ̀ di agbòòrùn mú lé e lórí.

Ládẹjọ kò bọ́ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bó bá ti fẹ́ máa kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọn yóò ṣe lo sítóòfù tuntun, tàbí tó bá ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí ewúrẹ́ náà ni kí wọ́n ṣe sí àgùntàn, ọ̀kan nínú wọn á rọra wúkọ́, á ní, "Bàbá wa, ẹ rántí ìgò." Ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé wọn, ó dé ọjà, ó dé ìlú mìíràn. Bí ẹnì kan bá sì gbé ọgbọ́n ohun àtijọ́ lé ohun tuntun lórí láìbéèrè, ohun tí àwọn àgbà máa ń wí fún un títí dòní ni pé: ìtọ́jú ẹmu ló pa wáìnì.