Ìsun Omi Tí Kò Sí Nínú Máàpù

Ọkùnrin kan wà tí ìsun omi kan ń sun nínú oko kòkó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í mú un gbẹ. Láti ayé baba rẹ̀ ni agbo ilé wọn ti ń mu ún.

Ní ọdún kan, ìlú pinnu láti ya máàpù ilẹ̀ àti omi wọn, kí wọ́n lè mọ ibi tí a lè lò àti ibi tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Obìnrin awọnlẹ̀ kan mú fóònù dání. Olóko kọ̀ọ̀kan ń ṣáájú rẹ̀ láti ìdí pèrègún kan dé òmíràn, ohun tí wọ́n bá sì fi hàn án ni ó ń tẹ̀ sínú fóònù.

Nígbà tí ó kan ọkùnrin yìí, ó rò ó pé ohun tí ìjọba bá rí nínú ìwé, ìjọba á gbà á. Ó mú obìnrin náà gba ẹ̀yìn oko lọ. Obìnrin náà bi í bóyá omi wà nínú oko náà. Ọkùnrin náà ní bí kò bá ṣe ìrì òwúrọ̀, omi kankan kò sí.

Nígbà tí máàpù jáde, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí ń wá ibi tí wọn yóò gbẹ́ kòtò omi ẹ̀gẹ́ sí, níbi tí kò ti ní ba omi mímu jẹ́. Níbi ìpàdé ìlú, Baálẹ̀ wo máàpù títí, ó fi ìka lé òkè tí ó wà lẹ́bàá oko ọkùnrin náà. Ó ní ibẹ̀ ni ó jìnnà sí omi jù. Gbogbo ìpàdé gbà.

Ọkùnrin náà mọ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá dà sórí òkè yẹn, inú ìsun òun ni yóò ṣàn sí. Àwọn ọmọ òun ni yóò mu ún. Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀.

“Baálẹ̀, ẹ foríjì mí. Omi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Èmi ni mo fi pamọ́.”

Obìnrin awọnlẹ̀ náà wò ó. “Bàbá, ṣé ìrì ọjọ́sí náà ni?”

Ìpàdé rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ibòmíràn fún kòtò náà. Wọ́n fi ìsun náà sínú máàpù, wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ kòtò tàbí fín oògùn tí ń pa koríko nítòsí rẹ̀. Omi tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí gbogbo ìlú ń ṣọ́.

Ìwọ tí ń gbọ́ mi, ibìkan wà nínú ayé rẹ tí o máa ń mú Olúwa yà kọjá bí o bá ń gbàdúrà. Ó mọ ibẹ̀. Síbẹ̀ ó fẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ mú òun débẹ̀. Lọ fi hàn án lónìí, kí o sì sọ fún àwọn ará rẹ. Ohun tí o bá sẹ́ pé kò sí, ta ni yóò bá ọ dáàbò bò ó?