Akíndùró àti Orúkọ Tí Kò Sẹ́ni Tó Dáhùn

Ní ọdún tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ ènìyàn ní igbó Arówà, kì í ṣe pé igi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú ni. Igi ti ń wó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn ọmọ Arówà sì ti ń gé e láti ìgbà tí àwọn baba wọn ti tẹ ìlú dó sí etí odò Ọ̀rẹ̀mì. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n pa apè lẹ́nu mọ́. Ẹni tí kò bá wọ igbó gẹdú rí lè má mọ ohun tí apè ń ṣe. Ọgànwó tó ti gbó kì í ṣe igi tí ènìyàn kan ń gé bí ẹni ń gé ìdáná. Àwọn aláàáké á de àtẹ̀gùn mọ́ ìdí rẹ̀ yíká, àwọn kan á wà lápá odò, àwọn kan á wà lápá òkè, àwọn tó ń fa okùn á wà lẹ́yìn nínú igbó, ẹnìkan kò sì ní rí ẹnìkejì. Apè nìkan ló ń dúró lókèèrè tó ń wo orí igi. Bí igi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, apè á gbé ọwọ́ sókè, àáké gbogbo á dúró, á wá máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníkálukú á dáhùn, á sì sọ ibi tó wà. “Mo wà lápá odò!” “Mo wà nídìí okùn!” Bí orúkọ kan bá wà tí kò sẹ́ni tó dáhùn, àáké kankan kò gbọdọ̀ gbéra mọ́ títí wọn ó fi rí ẹni náà, ì báà ṣe pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ì báà ṣe pé òjò ń bọ̀. Ẹni tó bá sì dáhùn orúkọ kan, ibi tí olórúkọ náà ń dúró sí ló gbọ́dọ̀ dúró sí. Báyìí ni baba ṣe fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ìgbà tó yá ni kọ́ńpìnì gẹdú dé, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti òyìnbó kan tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Kíákíá, nítorí pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn, kò sì wù ú láti gbọ́. Kíákíá ní ìpè yìí ń jẹ àkókò. Ó ní fèrè lòun fẹ́: kí olórí iṣẹ́ fun ún lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ènìyàn sá, kí igi wó, ó parí. Ẹgbẹ́ Agégẹdú wà nílẹ̀ nígbà náà, ẹgbẹ́ tó yẹ kó gbẹnu sọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Látúnjí ni alága rẹ̀. Látúnjí yìí ti jẹ́ apè rí, nígbà tí ohùn rẹ̀ ń dé òdìkejì odò. Ṣùgbọ́n kọ́ńpìnì ti kan òrùlé páànù sí ilé ẹgbẹ́, wọ́n ti fún alága ní kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ti ń gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó. Ẹnu tó ń jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo. Nígbà tí òfin fèrè jáde, ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Akíndùró, ọmọ Jẹ́gẹ́dẹ́, ni apè tí òfin náà bá lẹ́nu iṣẹ́. Akíndùró ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn tí í la igbó já, a-pe-ọkùnrin-bọ̀-wálé. Kò sanra rárá. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé gbogbo iyán tí òun gún fún un, ohùn ló ń dà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Ṣakin, tó máa ń wà nídìí okùn. Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n ń gé igi ńlá kan lápá ìsàlẹ̀ igbó. Igi náà ké. Akíndùró gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n olórí iṣẹ́ wò ó lójú wòòò, ó sì fi fèrè sẹ́nu. Akíndùró rántí òfin, ó gbé orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mì. Fèrè dún. Ìtàkùn tó lọ́ mọ́ orí igi náà fà á yí padà, igi náà sì gba ẹ̀yìn wó. Ṣakin kò tilẹ̀ gbọ́ fèrè níbi tó wà.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú Ṣakin délé, ìyá rẹ̀, Yèyé Móladùn, kò ké, kò sì ju ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó kàn tẹjú mọ́ Akíndùró, ó ní, “Akíndùró, ṣé o pè é?”

“Yèyé, wọ́n ní ká má…”

“N ò bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n ní. Ṣé o pè é?”

Akíndùró yí padà, ó jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìjókòó ti kọ̀ ọ́. Ó ń jẹun lóòró, ó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lóòró, á wọlé, á jáde, á tún wọlé bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Fọláwẹ̀, aya rẹ̀, gbìyànjú títí ó fi sú u. “Bàbá Ẹniọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ yín fẹ́ gbẹ́ kànga sílẹ̀ ilé yìí.” Ó ní, “Bí mo bá jókòó, Yèyé á tún bi mí.” Fọláwẹ̀ ní, “Yèyé kò sí níbí.” Ó ní, “Mo mọ̀.” Ó sì jáde lọ sí etí odò. Ọkàn akọni náà gbọgbẹ́, ìtìjú sì ń jẹ ẹ́ ju ìbànújẹ́ lọ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pe ìpàdé, ó lọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Látúnjí dìde lábẹ́ páànù tuntun, ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. “Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “kádàrá ni. Ikú tó máa pa ọmọ kì í béèrè fèrè tàbí ìpè. Ṣé ẹ fẹ́ kí kọ́ńpìnì kẹ́rù wọn lọ sí ìlú mìíràn ni? Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Mo ti bá òyìnbó sọ ọ́, ó ní òun máa ra fèrè tó tóbi ju ìyẹn lọ.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Akíndùró wọ àárín ilé, ó dọ̀bálẹ̀ fún alága bó ṣe yẹ, ó dìde, kò sì fi ìbínú sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìpè. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bí ènìyàn bá wọ inú igbó, kò ní nǹkan mìíràn lára ju orúkọ rẹ̀ lọ, apè ló sì ń bá a gbé e. Mo gbé ti Ṣakin mì. Ẹ̀yin àti èmi la jọ gbé e mì. Ẹ wá ní kí wọ́n ra fèrè tó tóbi. Ajá là ń súfèé pè, ẹ̀gbọ́n. Ìyá tó bí mi sọ mí lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ pe òun, kó máa bọ̀ níta.”

Ó jáde. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé e. Ó dúró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú ilé ẹgbẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ti ń rò ó pé òun ti fi ara òun ṣẹ̀sín. Nígbà tó yá, Baba Ògúnyẹmí, àgbà aláàáké tí eyín rẹ̀ ti lọ tán, yọ jáde, ó ń ráhùn pé páànù yẹn mú ooru jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òmíràn yọ, òmíràn tún yọ. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá ti dé, Akíndùró á pe orúkọ rẹ̀, onítọ̀hún á sì dáhùn pé, “Mo wà níta!” Báyìí ni Ẹgbẹ́ Apè ṣe ya kúrò lára ẹgbẹ́ àtijọ́. Àwọn tó kù nínú ilé ń rẹ́rìn-ín pé àyè ti gbà wọ́n láti na ẹsẹ̀.

Kọ́ńpìnì ní òun kò mọ ẹgbẹ́ kankan tó ń jẹ́ Apè. Odò ti kún nígbà náà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí gẹdú fi lè dé èbúté àfi kí odò ṣì kún. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ tuntun ní kí wọ́n lọ dáná sun ọkọ̀. Àwọn àgbà ní kí oníkálukú jókòó sílé. Akíndùró, tí kò lè jókòó síbikíbi, ní, “Bí a bá sun ọkọ̀, wọ́n á kó ṣọ́jà wá. Bí a bá jókòó sílé, wọ́n á kó ẹlòmíràn wá. A ó lọ síbi iṣẹ́. A ó gbé àáké. A ó sì ṣe é bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n dé ìdí ọgànwó kan tó ga jù lọ nínú igbó náà, wọ́n gé e dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Olórí iṣẹ́ fi fèrè sẹ́nu, ṣùgbọ́n ohùn Akíndùró ti ṣáájú rẹ̀. Ó pe gbogbo wọn, gbogbo wọn dáhùn. Nígbà tí wọ́n rò pé ó ti tán, ó tún kọjú sí ìdí okùn, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ké pe, “Ṣakin!” Igbó dákẹ́. Ó tún pè é. Àwọn aláàáké wo ara wọn, òye sì yé wọn. Wọ́n kó àáké wálẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kíákíá sáré dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń bi ògbufọ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Akíndùró ní, “Ẹ sọ fún un pé a kò kọ iṣẹ́. Ẹnìkan ni kò tíì dáhùn.”

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ, ojoojúmọ́ ni Akíndùró ń pe Ṣakin, ojoojúmọ́ ni àáké ń wálẹ̀. Èyí tó wá dun kọ́ńpìnì jù ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ tó ń gé igi ní ọ̀ọ́kán náà ń gbọ́ ìpè ọ̀hún, apá wọn kò sì gbọ́ tiwọn mọ́. Bí wọ́n bá gbé àáké sókè báyìí, tí wọ́n gbọ́ “Ṣakin!”, tí wọn kò gbọ́ èsì, àáké á rọra sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo igbó dúró. Odò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọgànwó tí wọn kò gé tán ń ké nínú atẹ́gùn, ara ẹnikẹ́ni kò sì balẹ̀ mọ́, àti òyìnbó, àti òṣìṣẹ́, àti ẹyẹ.

Ni Kíákíá bá mú Látúnjí wá. Látúnjí gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ibi tí kẹ̀kẹ́ lè dé, ó fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. “Akíndùró,” ó ní, “òkú kì í dáhùn.”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“Títí dìgbà wo wá ni?”

“Títí ẹ ó fi dá ìpè padà.” Akíndùró kọjú sí ìdí okùn, ó sì tún ké pe, “Ṣakin!”

Inú bí Látúnjí. Òyìnbó ń wò ó, àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ó, ó sì ti lérí lọ́nà pé ọ̀rọ̀ náà kò ní pẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó pariwo, “Ó wà níbí! Mo dáhùn fún un! Ẹ gbé àáké yín, ó tó gẹ́ẹ́!”

Baba Ògúnyẹmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Alága ti dáhùn,” ó ní. “Ẹ fi ibi tí Ṣakin ń dúró sí nídìí okùn hàn án.” Wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, ọ̀nà sì là tààrà dé ẹ̀yìn ọgànwó. Ìgbà náà ni Látúnjí tó rántí ohun tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe òpè, apè ni. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá dáhùn tí kò lọ dúró, kò tún ní ẹnu sọ̀rọ̀ nínú igbó mọ́. Ó lọ. Ó dé ìdí okùn, ó gbójú sókè, igi náà sì ké gan-an. Àwọn aláàáké ti gun àtẹ̀gùn padà, wọ́n ń wo ọwọ́ Akíndùró tó wà lókè. Bí ọwọ́ náà bá sọ̀ kalẹ̀, àáké á gbéra, kò sì sí òfin ilẹ̀ Arówà tó máa bá a wí, nítorí gbogbo orúkọ ti gba èsì. Akíndùró mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wù ú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé akọni kì í fẹ́ ohun búburú. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ọkùnrin kan lábẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni kò tíì pe orúkọ rẹ̀.

“Látúnjí!”

Ó tún pè é, “Látúnjí o!”

Ohùn tó dáhùn kì í ṣe ti alága mọ́. “Mo wà… mo wà lábẹ́ igi!”

“Ẹ jáde níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. A kò ní gé e.”

Látúnjí jáde, ó ṣí fìlà, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó sọ fún ògbufọ̀ pé, “Sọ fún òyìnbó pé èmi tí mo fọwọ́ sí òfin fèrè, n kò lè dúró síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè mí.” Kíákíá wo Látúnjí, ó wo odò tó ń fà, ó sì ju fèrè náà sínú igbó. Ó ní kí wọ́n máa pe ìpè wọn, kí wọ́n sì sọ fún ẹgbẹ́ tuntun náà pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, àáké kò gbéra, nítorí orúkọ Ṣakin ṣì wà nílẹ̀. Akíndùró lọ sílé Yèyé Móladùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Yèyé, ẹ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. N kò pè é. Àtìgbà náà ni mo ti ń pè é.”

“Mò ń gbọ́ ọ,” ni Yèyé wí. “Ohùn rẹ ń dé ìdí ààrò mi.” Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e. Ó dúró síbi tí ọmọ rẹ̀ ti ṣubú. Nígbà tí Akíndùró pe Ṣakin, ìyá náà dáhùn pé, “Ó ti lọ sílé. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín.” Ó jáde síbi tí kò séwu, àáké gbéra, ọgànwó sì wó sí apá odò bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní ọjọ́ náà, Akíndùró délé, ó fa àpótí, ó jókòó, ó sì jẹ iyán rẹ̀ tán. Fọláwẹ̀ ló sunkún.

Inú ilé onípáànù ni wọ́n ń kó kòkó sí báyìí, ẹgbẹ́ àtijọ́ ti túká. Ẹgbẹ́ Apè ṣì wà. Bí ènìyàn bá súfèé pe ẹlòmíràn ní Arówà, wọ́n á bi í pé ajá ta ni ó ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gé igi níbẹ̀, ì báà ṣe ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé, á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè, á pe Ṣakin, á sì dúró. Ìyá tó bá dàgbà jù nínú ilé náà á dáhùn láti ibi tó bá wà pé ó ti lọ sílé. Ìgbà náà ni wọ́n tó ń gbé àáké.