Ìjàpá, Èèrà àti Òfin Orí Títì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹnu yín ò dún. Àbí ẹ ò tíì jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, kò yà sí ààfin, kò yà sílé ìjòyè. Ó wá jókòó gbàgà sórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó jókòó sórí Èèrà, ó jókòó sórí òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ sùn kó lọ sùn. Èmi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Láyé ọjọ́un, Lékeléke ti òkè òkun dé. Ara rẹ̀ funfun, ọrùn rẹ̀ gùn, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó sọ pé òun ni ajẹ́lẹ̀ gbogbo ẹranko. Ó ní kí wọ́n la títì. Wọ́n là á. Ibo ni títì ọ̀hún gbà? Àárín oko Èèrà àti ilé Èèrà gan-an. Ta ló fọ̀rọ̀ náà lọ Èèrà? Ẹ dákẹ́, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹnikẹ́ni ò fi lọ̀ ọ́.

Èèrà yìí, abiyamọ ni, ọmọ rẹ̀ pọ̀ yọyọ. Òun àti ẹbí rẹ̀ kì í rìn wúruwùru. Wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn ni. Bí ẹni iwájú bá yà, gbogbo wọn a yà. Bí ẹni iwájú bá sọ̀rọ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e a sọ ọ́ fún ẹni ẹ̀yìn rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ ọ̀hún á fi dé ìdí ọ̀wọ́. Ẹnu ni wọ́n sì fi ń gbé ẹrù.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ojú ọ̀run ti ń ṣú. Òjò àkọ́rọ̀ ò ní ju ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Ihò Èèrà sì ṣófo. Àwọn ọmọ funfun wọ́ọ́rọ́wọ́ tí kò tíì lẹ́sẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá dé kí àgbàdo tó wọlé, ebi ni yóò pa wọ́n kú. Ohun tó wà lọ́kàn Èèrà nìyẹn, kò sí nǹkan mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àkùkọ, akódà ajẹ́lẹ̀, dé fìlà pupa rẹ̀, ó kan ìwé kan mọ́ igi ìrókò tó wà lẹ́bàá títì. Ó kọ lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò kà á fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹranko péjọ síbẹ̀, wọ́n ń wo ìwé bí ẹni ń wo ojú òkú.

Ìjàpá là wọ́n láàárín. "Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ sún sẹ́yìn. Èmi tí mo ru àpótí ìwé ajẹ́lẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì, ṣé ìwé ò ní ran èèyàn ni?"

Ó tẹ ìka mọ́ ọn. Ó wú ikọ́.

"Òfin kìíní. Ọwọ́ òsì ni kí gbogbo ẹlẹ́rù máa gbà."

Èèrà ní, "Òsì kẹ̀, Baba? Ọwọ́ òsì tí a kì í fi júwe ilé baba ẹni?"

"Òun náà ni. Ajẹ́lẹ̀ ò ní baba níbí."

"Òsì èmi tí mò ń lọ, ṣebí ọ̀tún ẹni tó ń bọ̀ ni?"

"Ìwọ ṣáà gba òsì! Òfin kejì. Ẹlẹ́rù tó bá dé ìdí ìrókò yìí, kó dúró, kó sọ orúkọ ara rẹ̀. Òfin kẹta. Ẹrù tó bá jábọ́ sórí títì, ti ìjọba ni."

Tanpẹ́pẹ́, àbúrò Èèrà, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, béèrè pé, "Ta ni yóò máa gbọ́ orúkọ ọ̀hún?"

Ìjàpá fi ìka kan ibi tí tàdáwà ti ta sílẹ̀ gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ lójú ìwé. "Ó wà níbí. Èmi ni."

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, Èèrà ti oko dé, àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀, ẹbí rẹ̀ tò tẹ̀ lé e.

"Dúró! Orúkọ?"

"Mm."

"Mi ò gbọ́."

"Mmmm!"

"Ṣé odi ni ọ́ ni? Ajẹ́lẹ̀ ò fẹ́ odi lórí títì."

Èèrà la ẹnu. "Èè..." Pó! Àgbàdo já bọ́.

Ìjàpá ti gbé ẹsẹ̀ lé e. "Ti ìjọba! Ẹni tó kàn! Orúkọ?"

Ẹni kejì la ẹnu, pó! Ẹni kẹta la ẹnu, pó! Bí wọ́n ṣe ń tò bọ̀ ni àgbàdo ń bọ́. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, òkìtì ti wà lẹ́yìn ìrókò, Yánníbo sì ti gbé ìkòkò kaná. Ìjọba ń jẹ àgbàdo. A ń gbọ́ bó ṣe ń rún un, kúrúmu, kúrúmu.

Ọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ Èèrà lójú. Inú ì bá bí i, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Ó ní bóyá òun ò tètè sọ orúkọ náà ni. Bóyá òun ò gba òsì dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹrù kalẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ìjàpá ní, "Ó ti kan ilẹ̀. Ti ìjọba." Ó gbé ẹrù fún Tanpẹ́pẹ́ dì mú, ó wá sọ pé, "Èèrà ni mí." Ìjàpá ní, "Ó dáa. Ẹni tí ẹrù wà lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? Kí òun náà sọ tirẹ̀." Pó!

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Tanpẹ́pẹ́ wí, "ẹ jẹ́ kí n ta á lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Òfin ni, àbúrò mi. Ta ló ń ta òfin?"

"Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òfin, ẹ wo bó ṣe kún!"

Èèrà ò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀run ló ń wò.

Lọ́jọ́ kẹta, ààrá ti ń kù lọ́nà jíjìn. Èèrà gbé àgbàdo bọ̀, Tanpẹ́pẹ́ tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo, ó ní òun ò bọ́ ìjọba mọ́.

"Orúkọ?"

Èèrà ò mọ ohun tí òun ì bá ṣe mọ́. Ó rìn lọ bá Ìjàpá, ó fi orí kan orí rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń fi orí kan orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Àgbàdo ò bọ́.

Ìjàpá fò sẹ́yìn. "Kí nìyẹn?"

Tanpẹ́pẹ́ bọ́ síwájú. "Orúkọ ló sọ yẹn. Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹnu la fi ń sọ orúkọ? Ẹ ka ibẹ̀ fún wa, Baba Akọ̀wé."

Ìjàpá wo ìwé. Ìwé náà wò ó. Àwọn ẹranko tó wà nítòsí ti ń sún mọ́ wọn.

"Kò burú," ni Tanpẹ́pẹ́ wí, "ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹrù wo ló wà lẹ́yìn yín láti ìjẹta, tí a ò gbọ́ orúkọ yín?"

"Kì í ṣe ẹrù. Ilé mi ni."

"Áà! Ilé lórí títì ajẹ́lẹ̀?"

"Kì í ṣe ilé! Ara mi ni!"

"Ẹ gbọ́ o! Èwo ni ká sọ fún akódà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Òun ló ń bọ̀ lókè yẹn."

Lóòótọ́, Àkùkọ ló ń bọ̀, ó ń bẹ títì wò. Ìjàpá rí fìlà pupa, ó yíjú, ó sá. Ṣùgbọ́n àgbàdo ọjọ́ mẹ́ta ti kún inú rẹ̀. Ibi tí títì ti dà gẹ̀rẹ́ ló ti fẹsẹ̀ kọ, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń yí lọ, gbirigbiri, gbirigbiri.

Àkùkọ na ọrùn. "Kẹ̀kẹ́! Kẹ̀kẹ́ ológeere tí kò ní agogo! Ẹ mú un!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó wà lójú ìwé yẹn nìyẹn o. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí kò bá ní agogo kò gbọdọ̀ gba orí títì. Ó tán. Kò sí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo nílùú ẹranko. Kò sí ẹni tó rí i rí. Lékeléke jókòó sórí òkè, ó ṣòfin fún ohun tí kò sí, kò sì rán ẹnikẹ́ni kó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó wà. Ihò tí Ìjàpá gbà wọlé nìyẹn.

"Èmi kì í ṣe kẹ̀kẹ́! Ìjàpá ni mí!"

"Kẹ̀kẹ́ ń fọhùn, kò sì lágogo," ni Àkùkọ wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ ti di méjì."

Wọ́n wọ́ ọ dé iwájú Lékeléke. Ìyẹn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní kó lọ máa fọ́ òkúta títì fún oṣù mẹ́fà. Yánníbo sá wọ igbó, ó fi òkìtì àgbàdo sílẹ̀.

Kí Àkùkọ tó wọ́ Ìjàpá lọ, Èèrà gbé àgbàdo ẹnu rẹ̀ fún Tanpẹ́pẹ́, ó sáré tọ Àkùkọ lọ. Ó dúró lókèèrè, nítorí ẹ mọ ohun tí àkùkọ ń fi èèrà ṣe.

"Baba onífìlà, ẹ jọ̀ọ́, òfin orúkọ ńkọ́?"

"Òfin orúkọ wo?"

"Èyí tó wà lójú ìwé."

"Kò sí níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n ti fagi lé e ni?"

"Ohun tí kò sí, báwo ni wọ́n ṣe ń fagi lé e? Kúrò lọ́nà!"

Èèrà dúró. Wọn ò fagi lé e. Bí wọn ò bá fagi lé e, ṣé kò wà síbẹ̀ ni? Ìwé ṣì wà lára ìrókò. Àkùkọ ò yọ ọ́. Orí rẹ̀ ń yí. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ tó! sórí ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò sáyè àròjinlẹ̀ mọ́. Ó yíjú sí ọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ kó gbogbo àgbàdo yẹn! Ẹ má la ẹnu o! Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá pàdé, ẹ fi orí sọ orúkọ fún un!"

Ẹni iwájú sọ ọ́ fún ẹni ẹ̀yìn, títí ó fi dé ìdí ọ̀wọ́. Òkìtì ìjọba wọ ihò tán kí òjò tó rọ̀. Ebi ò pa ọmọ kankan.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò rán ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀ lé ìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé, títí dòní, bí èèrà méjì bá pàdé lọ́nà, wọ́n á dúró, wọ́n á fi orí kan orí, kí wọ́n tó kọjá. Lékeléke ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìwé ti jẹrà, ìrókò ti wó. Èèrà ṣì ń sọ orúkọ.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ṣé ó há mi?

Kò há yín!

Ó dáa. Ẹ dìde, ẹ lọ wẹ ẹsẹ̀ yín.