Ilẹ̀kùn Ìbíwùmí àti Ẹyin Ìyá Làǹkẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni ẹ̀rọ ìsàba Ìyá Làǹkẹ́ dákẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹyin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ooru kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ inú wọn yóò kú. Àwẹ́ ni obìnrin náà ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa fi ẹ̀rọ bá àwọn èèyàn sàba lé ẹyin, kó dọmọ adìyẹ. Ẹyin ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀. Àwọn opó ìjọ wọn ló dá owó jọ rà á, wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n sì ń retí ọmọ adìyẹ wọn.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń darí ẹ̀rọ náà. Òun ló ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó gbóná àti ìgbà tó yẹ kó yí ẹyin padà, bí àgbébọ̀ ti ń fi ẹnu yí i. Ìbíwùmí, ọmọbìnrin kan tó ń gbé Ìbàdàn, ló kọ ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló ti kọ́ iṣẹ́, ó ń bà á jẹ́, ó ń tún un ṣe, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ìyá Làǹkẹ́ ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ètò náà kò tíì gún régé, obìnrin yìí ló fara dà á. Á pè é lórí fóònù, á ní, “Ọmọ mi, ẹyin wa tún ti jinná o,” àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tí ètò náà wá dára tán ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jí i lò. Ìbíwùmí máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ rà á ní oṣù kan kó fi dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí oṣù bá ti ń lọ sópin, wọ́n á fa aago kọ̀ǹpútà padà sẹ́yìn, oṣù náà ò sì ní tán láéláé. Ó dun Ìbíwùmí wọra. Ìdí iṣẹ́ yìí ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti ń rán àbúrò rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ó bá kan ilẹ̀kùn sínú ètò náà: bó bá ti rí i pé aago padà sẹ́yìn, kó ti ara rẹ̀ pa, kó má ṣe ohunkóhun mọ́, àfi bí Ìbíwùmí bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà, ó ní kí olè tó bá láyà wá.

Kò rántí kọ̀ǹpútà tó ti darúgbó. Ti Ìyá Làǹkẹ́ ti gbó, bátìrì pẹlẹbẹ tó ń mú kí aago inú rẹ̀ máa rìn nígbà tí kò bá síná sì ti kú. Iná lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, aago ti sáré padà sí ọdún tí wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà náà jáde. Ètò wo aago, ó ní olè dé, ó tilẹ̀kùn.

Ìyá Làǹkẹ́ pe Ìbíwùmí. Wọ́n tún aago ṣe, kò ṣí. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, kò ṣí. Ìbíwùmí ní kí wọ́n fi aṣọ bo ẹyin, ó sáré wọ ọkọ̀.

Nígbà tó dé Àwẹ́, ẹ̀rọ ṣófo. Ó ń wá ẹyin kiri, ló bá gbọ́ ohùn Ìyá Làǹkẹ́ láti yàrá Múfú. Múfú jẹ́ àbúrò ọkọ Ìyá Làǹkẹ́. Obìnrin náà ṣàgbà fún un, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ọkọ ni, “ọkọ mi” ló sì ń pè é. Òun náà ní ẹ̀rọ ìsàba, inú rẹ̀ ni wọ́n kó ẹyin sí. Ìbíwùmí wo ojú kọ̀ǹpútà Múfú. Ètò tí òun fúnra rẹ̀ kọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ òféèfèé tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Wọ́n kàn ti ha orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti yọ ilẹ̀kùn dànù.

Múfú ò tilẹ̀ sá. “Ìyàwó, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín,” ló wí. “Èyí tẹ́ ẹ fowó rà ń da ìbéèrè bò yín bíi kọ́sítọ́ọ̀mù. Èyí témi jí, iṣẹ́ ló ń ṣe jẹ́jẹ́.”

“Ojú ò tì yín, ọkọ mi,” ni Ìyá Làǹkẹ́ dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lára ẹyin.

Inú bí Ìbíwùmí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń tún un sọ pé torí irú èyí gan-an lòun ṣe ti ilẹ̀kùn. Ìyá Làǹkẹ́ fà á jókòó, ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú rẹ̀, ó dúró kó kọ́kọ́ jẹ díẹ̀.

“Ìyá ọkọ mi ló máa ń ti ẹnu ọ̀nà agbo ilé yìí,” ló wí. “Olè pọ̀ nígbà náà, wọn kì í sì í fi ilẹ̀kùn ṣeré. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi ọ̀pá dábùú rẹ̀, wọ́n á pe orúkọ wa ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá jẹ́, wọ́n á dúró dè é. Ìwọ náà ti ilẹ̀kùn tìrẹ, Ìbíwùmí. O ò pè mí.”

Múfú ò rẹ́rìn-ín mọ́, torí ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọmọbìnrin náà fọ ọwọ́, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Ìyá Làǹkẹ́, ó sì yọ ilẹ̀kùn náà. Múfú bi í bóyá ẹ̀rù ò bà á pé gbogbo ayé á jí i báyìí.

“Ẹ ti ń jí i tẹ́lẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí mo fi wá láti Ìbàdàn wá tún un ṣe lónìí, kò sẹ́ni tó lè jí ìyẹn.”

Ẹyin tó yọ ọmọ pọ̀ ju èyí tó bàjẹ́ lọ, àwọn opó sì kó adìyẹ wọn lọ. Nígbà tó yá, ètò tí Múfú jí bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹyin rẹ̀, ẹni tó bá a yọ ilẹ̀kùn ò sì gbé fóònù. Ló bá lọ san owó ètò tirẹ̀ fún Ìbíwùmí. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń jí i. Ìbíwùmí ò lówó rẹpẹtẹ, àmọ́ ebi ò pa á. Bí aago bá ṣe ségesège báyìí, ètò rẹ̀ á pe ẹni tó ni ẹ̀rọ lórúkọ, á bi í pé kí ló dé, ṣùgbọ́n kò ní pa iná ẹyin. Láti ọjọ́ yẹn sì ni tọmọdé tàgbà tó ń sin adìyẹ ní Àwẹ́ ti ń pa á lówe pé: ká tó torí olè tilẹ̀kùn, ká kọ́kọ́ wò ó bóyá onílé ti wọlé.