Ayò Àrìnpé Lójú Kọ̀ǹpútà
Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé èèyàn, Olóyè Fádáhùnsi gba ayò orí kọ̀ǹpútà tí Àrìnpé, ọmọ amọ̀kòkò, ṣe, ó ní òun lòun ṣe é. Ó jágbe mọ́ ọn níwájú ìlú pé, “Bó bá jẹ́ tìẹ, fi hàn wá láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ!” Àrìnpé kúnlẹ̀. “Ó dáa, Bàbá. Ẹ fọwọ́ ara yín sọ ojú ẹ̀rọ dúdú yìí di pupa.” Olóyè tẹ bọ́tìnnì tó ń pa àwọ̀ ojú ayò náà dà. Ojú ẹ̀rọ pọ́n, lẹ́tà dúdú sì yọ gàdàgbà: ÀRÌNPÉ LÓ ṢE MÍ. Àṣé nígbà tí Àrìnpé ń ṣe ayò náà, ó ti pa àṣẹ tí ojú kì í rí fún ẹ̀rọ pé kó fi dúdú kọ ọ́ sórí dúdú. Àrìnpé dìde. “Ìyá mi kì í ta ìkòkò tí kò bá sàmì sí nídìí. Ẹ̀ bá ti yẹ ìdí ẹ̀ wò, Bàbá, kẹ́ ẹ tó jí i.”